Ẹjọ́ Páténtì: Kí Ló Dé Tí Ilé Iṣẹ́ Kan Ń Sanwó Kí Ọ̀rọ̀ Tán, Tí Òmíràn Sì Ń Jà Á Dópin?

Bí ènìyàn bá dúró sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀, tó ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, láti orí ìyá tó ń ta ẹ̀wà títí dé orí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Under G, Tecno, Infinix àti itel ni yóò rí jù. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn Transsion ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Qualcomm, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ páténtì lórí ọ̀nà tí fóònù ń gbà bá òpó ìbánisọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, pe Transsion lẹ́jọ́ ní Delhi ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ó ní wọ́n ń lo ìhùmọ̀ òun láìgba àṣẹ tó yẹ. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn méjèèjì fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí ọ̀rọ̀ sì parí láìjẹ́ pé adájọ́ kankan sọ ẹni tó jàre.

Irú ìparí bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ àwọn tó gbọ́ ọ lọ́rùn. Bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò bá jẹ̀bi, kí ló dé tó fi gbà láti tọwọ́ bọ ìwé? Bí ẹni tó pẹjọ́ bá sì dá ara rẹ̀ lójú, kí ló dé tí kò dúró gba ìdájọ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ẹjọ́ páténtì ṣe ń parí lágbàáyé: wọn kì í dé ọ̀dọ̀ adájọ́ fún ìdájọ́ ìkẹyìn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tó ń ti ibẹ̀ wá sórí àwa tí a kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ ohun tuntun, pé fún iye ọdún kan, tó jẹ́ 20 ọdún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè títí kan Nàìjíríà, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi ṣòwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìlú ń gbà padà ni pé olùhùmọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kedere, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí wọ́n sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ọdún bá pé. Ṣùgbọ́n páténtì kì í jà fún ara rẹ̀. Ọlọ́pàá kì í rìn kiri ọjà láti máa wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹni tó ni ín ni yóò fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù, bó bá sì ti débẹ̀, ìbéèrè méjì ni adájọ́ yóò dojú kọ. Àkọ́kọ́ ni bóyá ohun tí olùjẹ́jọ́ ń ṣe bá ohun tó wà nínú ìwé páténtì náà mu lóòótọ́. Èkejì, tó máa ń le jù, ni bóyá ó yẹ kí ìjọba ti fún un ní ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀rí hàn pé ohun náà ti wà kí onípáténtì tó sọ pé òun hùmọ̀ rẹ̀, tàbí pé ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà ì bá ti ro ó kàn láìsí wàhálà.

Nítorí ìbéèrè kejì yìí ni ẹ̀rù fi máa ń ba ìhà méjèèjì. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lè pàdánù owó àti ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pẹjọ́ náà lè jáde ní kóòtù láìní páténtì mọ́, kí gbogbo àwọn tó ti ń sanwó fún un tẹ́lẹ̀ sì dẹ́kun sísan án. Ẹni tó bá ń gba owó ìlò lọ́wọ́ ogún ilé iṣẹ́ yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ìwé náà fún adájọ́ láti yẹ̀ wò nítorí ìkọkànlélógún.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ ńlá ti ń wáyé, owó agbẹjọ́rò àti ti àwọn onímọ̀ tí yóò jẹ́rìí nínú ẹjọ́ páténtì kan ṣoṣo sábà máa ń wọ mílíọ̀nù dọ́là, oníkálukú ló sì ń san ti agbẹjọ́rò tirẹ̀, ì báà jàre, ì báà jẹ̀bi, àfi bí ẹjọ́ náà bá burú kọjá ààlà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò san púpọ̀ nínú owó ẹnìkejì, ìyẹn sì ń mú kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ronú kó tó pẹjọ́. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ bóyá wọ́n tẹ páténtì lójú yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ́ bóyá páténtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ti àkọ́kọ́ sì sábà máa ń yára ju ti èkejì lọ, débi pé wọ́n lè lé ọjà ènìyàn kúrò lórí àtẹ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá páténtì tí wọ́n fi lé e tọ́. Gbogbo èyí ló ń ti àwọn ilé iṣẹ́ sí ìdí tábìlì ìpàdé.

Ẹjọ́ tó fi eléyìí hàn jùlọ, lójú tèmi, ni ti BlackBerry. Àwọn tó wà ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 2010 yóò rántí bí fóònù yẹn ṣe gbayì tó, tó jẹ́ pé nọ́ńbà PIN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ó kù díẹ̀ kí fóònù náà dákẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ Kánádà tó ń ṣe é, Research In Motion, ni NTP pè lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọdún 2001. NTP kò ṣe fóònù kankan. Páténtì lórí fífi lẹ́tà ránṣẹ́ láìlo wáyà ni gbogbo ohun tó ní. Ní ọdún 2002, àwọn ará ìlú tí wọ́n ń bá adájọ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà dá NTP láre, wọ́n sì ní kí Research In Motion san nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 dọ́là. Research In Motion kò gbà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọdún 2005, àwọn méjèèjì kéde pé àwọn ti fẹnu kò sí mílíọ̀nù 450 dọ́là, ṣùgbọ́n kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àdéhùn náà ti fọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2006, tí adájọ́ ti múra láti pàṣẹ kí wọ́n pa ìlà ìbánisọ̀rọ̀ BlackBerry ní gbogbo Amẹ́ríkà, Research In Motion san mílíọ̀nù 612.5 dọ́là, ó sì gbà pé òun kò ní gbà á padà, bó bá tiẹ̀ wá hàn lẹ́yìn náà pé àwọn páténtì náà kò dúró.

Ohun tó yẹ kí a wò dáadáa ni pé ní àkókò kan náà tí Research In Motion ń ka owó yìí sílẹ̀, ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti tún àwọn páténtì náà yẹ̀ wò, ó sì ti ń kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ ń lọ níwájú adájọ́, àyẹ̀wò ń lọ ní ọ́fíìsì páténtì, ti adájọ́ ló sì kọ́kọ́ dé. Ilé iṣẹ́ náà kò lè fi gbogbo oníbàárà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kí àyẹ̀wò náà tó parí. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ eBay àti MercExchange pé kò pọn dandan kí kóòtù pàṣẹ ìdádúró nítorí pé wọ́n tẹ páténtì lójú nìkan, pé adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá owó lè tán ọ̀rọ̀ náà. Bí ìdájọ́ yẹn bá ti ṣáájú ni, ohun tí Research In Motion ì bá san yóò kéré sí èyí púpọ̀, mo sì ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí èrò tèmi. Nínú ẹjọ́ páténtì, ọjọ́ tí nǹkan bọ́ sí lè wúwo ju òtítọ́ tó wà nínú ìwé lọ.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ ló tún jẹ́ oníbàárà ara wọn. Apple gbé Samsung lọ sí kóòtù ní California ní oṣù Kẹrin ọdún 2011 lórí ìrísí àti ìlò fóònù, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ Samsung kan náà ni Apple ti ń ra àwọn ẹ̀yà inú fóònù rẹ̀. Ní ọdún 2012 wọ́n dá Apple láre, wọ́n sì bu owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù, wọ́n tún un gbọ́, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọdún 2016, ó tún padà sísàlẹ̀, àwọn ará ìlú mìíràn sì sọ ọ́ di mílíọ̀nù 539 dọ́là ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Fóònù tí wọ́n torí rẹ̀ jà fún ọdún méje ti kúrò lórí àtẹ tipẹ́tipẹ́. Apple àti Qualcomm ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ní ọjọ́ gan-an tí àwọn agbẹjọ́rò ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú nínú kóòtù ní San Diego. Apple nílò ẹ̀yà tí Qualcomm ń ṣe fún fóònù 5G, Qualcomm sì nílò owó Apple. Ibi tí àwọn méjì bá ti nílò ara wọn bẹ́ẹ̀, ìjà dópin kò ní èrè fún ẹnikẹ́ni, n kò sì rí àbùkù kankan lára ẹni tó bá yàn láti parí rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n òwe àwọn àgbà yẹn, àwọn tí yóò tún rí ara wọn lọ́la ni wọ́n pa á fún: ẹbí, aládùúgbò, oníṣòwò méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú sí ara wọn. Kò bá ilé iṣẹ́ kan mu tí kò ṣe nǹkan kan, tí kò ta nǹkan kan, tó kàn ń ra páténtì àtijọ́ jọ láti máa fi kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ju ohun tó kéré sí owó agbẹjọ́rò lọ. Bí jíja ẹjọ́ náà yóò bá ná ọ ní mílíọ̀nù méjì, yóò ní kí o san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Bí o bá ṣe ìṣirò tìrẹ nìkan, ó jọ pé ọgbọ́n ni kí o san án. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ pé sísanwó lọ́gbọ́n nínú nígbà gbogbo, nítorí owó tí o san kò tán sọ́dọ̀ rẹ. Òun ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹni tó kàn, ìwé àdéhùn tí o tọwọ́ bọ̀ ni wọ́n sì ń nà síta pé, ‘Ẹ wò ó, lágbájá ti san tirẹ̀.’

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Soverain nìyẹn. Ilé iṣẹ́ yìí ní páténtì lórí apẹ̀rẹ̀ ìrajà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí oníbàárà ń kó ọjà tó yàn sí kó tó sanwó. Bí páténtì bẹ́ẹ̀ bá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní san owó ìlò. Ní ọdún 2005, Amazon san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún un kí ọ̀rọ̀ lè tán. Bí Amazon, tí kò sí ohun tí owó rẹ̀ kò ká, bá lè san irú owó yẹn, ta ni yóò sọ pé òun kò ní san? Newegg, tó ń ta kọ̀ǹpútà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jà á ní Texas, ó jẹ̀bi, wọ́n sì ní kó san mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì fi ẹ̀rí hàn pé CompuServe ti ní ọjà orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti ń rajà kí ẹnikẹ́ni tó kọ páténtì yẹn. Ní oṣù Kíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé àwọn apá tí wọ́n fi pe Newegg lẹ́jọ́ nínú àwọn páténtì náà, nítorí ohun tó hàn gbangba sí oníṣẹ́ ni wọ́n kọ sínú wọn. Gbogbo ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan èyí tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè dá sílẹ̀ lónìí láti máa ta gaàrí àti kaṣú, ló jàǹfààní ìjà tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo jà.

Cloudflare, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ dé ibòmíràn. Nígbà tí Blackbird, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi páténtì pẹjọ́ kiri, pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2017, kò dúró sórí gbígbèjà ara rẹ̀ nìkan. Ó kéde pé òun yóò san 50,000 dọ́là fún àwọn ará ìlú tó bá bá òun wá ẹ̀rí pé ohun tó wà nínú àwọn páténtì ilé iṣẹ́ náà ti wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nínú páténtì tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́ nìkan, bí kò ṣe nínú gbogbo èyí tí Blackbird ní. Adájọ́ fọ́ ẹjọ́ náà dànù ní ọdún 2018. Ìlànà kan náà ni Cloudflare tún lò nígbà tí Sable, ilé iṣẹ́ mìíràn irú Blackbird, pè é lẹ́jọ́. Ó jàre ní ìlú Waco ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n sì wá jókòó láti parí gbogbo rẹ̀, ẹni tó pẹjọ́ ló san 225,000 dọ́là fún ẹni tó pè lẹ́jọ́, ó sì yọ̀ǹda àwọn páténtì rẹ̀ fún gbogbo ayé láti máa lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìparí ẹjọ́ láàárín ara ẹni ni èyí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìjà ló wá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láyé àtijọ́ tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà, George Selden, gba páténtì ní ọdún 1895 lórí mọ́tò fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń san owó ìlò lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Henry Ford kọ̀, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 1903. Ó jẹ̀bi ní ọdún 1909, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní ọdún 1911. Ìjà ọdún mẹ́jọ gbáko ni. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní agbára ọdún mẹ́jọ, mo sì mọ̀ pé ohun tí Ford tàbí Cloudflare lè ṣe kọjá agbára ẹni tó gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin.

Àdéhùn mìíràn tún wà tó burú ju àìlera lọ, èyí tí àwọn méjì tó ń jà parí sórí ẹni kẹta. Nínú òwò oògùn, ilé iṣẹ́ tó ní páténtì lè pe ẹni tó fẹ́ ṣe oògùn kan náà ní owó pọ́ọ́kú lẹ́jọ́, kó sì wá parí ẹjọ́ náà nípa pé òun tó pẹjọ́ ni yóò sanwó fún ẹni tó pè lẹ́jọ́, kí ìyẹn lè dúró fún ọdún mélòó kan kó tó gbé oògùn tirẹ̀ jáde. Solvay àti Actavis ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006 lórí oògùn AndroGel, Actavis sì gbà láti dúró títí di ọdún 2015. Aláìsàn ló ń san owó gọbọi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò kọjá ohun tí òfin ìdíje òwò lè yẹ̀ wò, nítorí pé páténtì wà nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di mímọ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ilé iṣẹ́ oògùn 39 ló pe ìjọba South Africa lẹ́jọ́ ní ọdún 1998 nítorí òfin tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè ra oògùn ní owó tó dínkù ní àsìkò tí àrùn éèdì ń pa àwọn ènìyàn. Ìjọba náà kò wárí. Nígbà tí gbogbo ayé dìde sí i, àwọn ilé iṣẹ́ náà fa ẹjọ́ wọn sẹ́yìn ní oṣù Kẹrin ọdún 2001. Bí ìjọba yẹn bá ti tọwọ́ bọ ìwé kan ní kọ̀rọ̀ ní ọdún 1998, n kò lè ronú iye ẹ̀mí tí ì bá bá a lọ.

Nílé wa níbí, òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin páténtì àti ìrísí ọjà ti ọdún 1970. Nínú òfin yẹn, ọ́fíìsì tó ń gba ìwé páténtì ní Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ènìyàn kọ wá jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí ìwé náà bá pé, tí owó sì pé, wọn yóò fún un ní páténtì. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ewu ẹni tó gba páténtì ni, pé ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé páténtì Nàìjíríà kò tíì la àyẹ̀wò kankan kọjá títí ọjọ́ tí ẹnìkan bá tó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, nítorí ilé ẹjọ́ yẹn nìkan ló lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ kò lè gbọ́ ọ, ti ìbílẹ̀ kò sì lè gbọ́ ọ. Bí gbogbo ènìyàn bá wá ń sanwó kí ọ̀rọ̀ lè tán, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tó jẹ́ ìhùmọ̀ gidi àti èyí tó jẹ́ ohun tí bàbá gbogbo wa ti ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọ̀nà Ìlọrin tàbí Aróọ́wọ́mọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wẹ́dà kan ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún omi inú rẹ̀ dànù láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà agbẹjọ́rò dé pé ilé iṣẹ́ kan ti gba páténtì lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kó dáwọ́ dúró tàbí kó san owó gbà-má-bínú. Bó bá jẹ́ pé òun àti wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dà pọ̀, ẹgbẹ́ ni yóò pe àwọn méjèèjì, àgbà yóò bá wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá jẹ̀bi yóò bẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ lẹ́tà yìí kò sí nínú ẹgbẹ́, kò sì mọ ẹgbẹ́. Ẹ̀rù lè mú kí wẹ́dà náà san ohun tó bá ní. Bó bá san án, ẹgbẹ́ wẹ́dà tó kù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìkòyí-Ilé yóò gba lẹ́tà tiwọn láìpẹ́.

Òfin ọdún 1970 kò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀. Ẹni tó bá ti ń fi ọkàn rere ṣe ohun kan nínú òwò rẹ̀ ní Nàìjíríà kí ẹlòmíràn tó fi ìwé páténtì sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá tiẹ̀ ti fún ẹni náà ní páténtì. Ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ló lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kó fagi lé páténtì tí ohun inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Èyí kò ní kí oníṣẹ́ kan ṣoṣo dá ẹjọ́ jà. Ẹgbẹ́ lè dá owó jọ, kí wọ́n gba agbẹjọ́rò kan, kí wọ́n sì pẹjọ́ lápapọ̀, bí Newegg ṣe jà fún gbogbo ọjà, àyàfi pé tiwọn yóò fúyẹ́ nítorí ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo onípáténtì ni ọ̀tá. Nígbà mìíràn àwa gan-an ni ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, LANCOR, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, tó ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin tí ènìyàn lè fi tẹ àmì ohùn àti àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ní èdè Yorùbá, pe àjọ One Laptop Per Child ti Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní Èkó, ó ní wọ́n lo ètò bọ́tìnnì òun nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì béèrè mílíọ̀nù 20 dọ́là. Àwọn kan bínú nígbà náà pé kí ló dé tí wọ́n fi pe àjọ aláàánú lẹ́jọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àánú kì í ṣe ìdí tí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ẹni tó sì gbàgbọ́ pé wọ́n gba iṣẹ́ òun ní ẹ̀tọ́ láti lọ síwájú adájọ́. Bákan náà ni olùkọ́ LAUTECH tó bá hùmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ṣe ní ẹ̀tọ́ láti jẹ èrè rẹ̀, bí kò bá ti kọ ọ́ sínú jọ́nà kó tó fi ìwé páténtì sílẹ̀. Nínú òfin wa, ohun tí gbogbo ayé ti kà kì í ṣe tuntun mọ́, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin mọ̀, àfi bó bá jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ló ti jí i.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹni tó gba lẹ́tà irú èyí kọ́kọ́ wá ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, kó tó ṣe ìṣirò owó. Bí ó bá rí i pé òun lo iṣẹ́ ẹlòmíràn ní tòótọ́, kó tètè jókòó pẹ̀lú onínǹkan, nítorí owó tí wọn yóò bèèrè ní oṣù kìíní máa ń kéré sí ti ọdún karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí BlackBerry ti fi hàn. Kó sì ka ìwé àdéhùn náà dáadáa: ṣé ẹ̀rọ kan ni àṣẹ náà bò tàbí gbogbo èyí tí yóò ṣe lẹ́yìn náà, ṣé ó bo àwọn oníbàárà tó ti rà á, ṣé wọ́n ní kó má sọ iye tó san fún ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n sì ní kó jẹ́wọ́ pé páténtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kí ó ṣọ́ra fún jù, nítorí òun ni wọn yóò fi lé àwọn tó kù.

Bí ó bá sì dá a lójú pé òun ti ń ṣe ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni tó dé Abuja, kí ó má tíì san kọ́bọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kọ ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà sí, àwòrán inú fóònù tó ní ọjọ́ lára, rìsíìtì irin tó rà, àti obìnrin elégaàrí tó ṣì ń lo ẹ̀rọ tó ṣe fún un lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn tó sì ṣe tán láti jẹ́rìí, àwọn ni agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.